Agbọ́n Inú Ọ̀fun Búútà

Omi kò jáde.

Màdáámú Láníyọnu tún tẹ búútà náà síwájú, ó mì ín. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sínú rẹ̀ ń dún nínú ikùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan kò kán láti ọ̀fun rẹ̀. Èmi, Sájẹ́ǹtì Dúrótìmí, dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú àgbàlá yẹn ní Ṣàngó, ní Ìlọrin. Oòrùn ń jó mi lórí, ebi ń pa mí, mo sì ń bi ara mi pé kí ni ọ̀gá mi fẹ́ fi búútà àlùwàlá bàbá oníbàbá ṣe.

Mo wo Hamzah. Òun náà ń wo búútà. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó kí ó lè yé yín. Ọdún 1993 ni, ìgbà tí a ń fi ọjọ́ gbogbo tò síbi epo mọ́tò. Ilé tí mo ń sọ yìí, ilé Àlàájì Garba ni, àgbàlagbà kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣòwò awọ. Kano ni àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, kò sì sí ẹni tó lè fi Yorùbá rẹ́ ẹ jẹ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ummu Kulthum, wà nílé ọkọ ní Minna. Hamzah, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ń bá a gbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Ummu Kulthum sáré wọ àgọ́ ọlọ́pàá wa, ìborùn rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn, kò tilẹ̀ mọ̀. Ó wá kí bàbá rẹ̀, kò bá a nílé. Hamzah ní àná, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ni bàbá wọ mọ́tò lọ sí Jos láti lọ kí ọ̀rẹ́ kan tí ara rẹ̀ kò yá.

"Irọ́ ni, mà," ni Ummu Kulthum wí. "Bàbá mi kì í kọjá odò láìránṣẹ́ sí mi. Wàláì, nǹkan ti ṣe bàbá mi."

Ọ̀gá àgọ́ wa ní àgbàlagbà tó bá wù ú lè lọ sí Jos, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ó fún wa ní mọ́tò kan tí epo inú rẹ̀ kò ju kí a fi lọ, kí a fi bọ̀ lọ. Ó ní bí ilẹ̀ bá fi ṣú tí a kò rí nǹkan gidi, kí a fi ọmọkùnrin náà lọ́rùn sílẹ̀.

Nígbà tí a dé Ṣàngó, ó kù díẹ̀ kí a padà. Bẹ́ẹ̀dì bàbá wà ní títẹ́. Àwo oúnjẹ kan wà lórí tábìlì, àjẹkù wà nínú rẹ̀. Bàbá Nathan, télọ̀ ará Ọ̀fà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri ilé náà, tún wá fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ Hamzah múlẹ̀.

"Mo lè fọwọ́ kan Bíbélì. Mo gbọ́ rédíò Àlàájì láàárọ̀ àná. Hausa ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, bó ṣe máa ń rí. Ìró yẹn ló ń jí mi lójoojúmọ́."

"Ẹ rí Àlàájì fúnra wọn?" ni Màdáámú bi í.

"Kí ni mo fẹ́ tún rí wọn fún? Ṣé mo ní mo gbọ́ rédíò wọn ni."

Mo sọ fún ọ̀gá mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí a máa lọ. Ó ti rìn kọjá lára mi. Obìnrin náà kì í dúró lójú kan. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni yóò máa rìn, yóò ṣí èyí, yóò gbé tọ̀hún. Ó ti yí àgbàlá náà po tó bí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó bi Hamzah bí bàbá ṣe lọ gan-an.

Hamzah kò ní ṣe é ní kúkúrú. Ó ní òun ló jí wọn. Ó ní òun ló pọn omi, òun fúnra òun ló bu omi sí búútà, tí òun dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe àlùwàlá tán. Ó tilẹ̀ ní omi náà tutù, bàbá sì ráhùn. Ẹni tó ń purọ́ kì í mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́.

"Búútà wo?"

"Búútà wọn nìyẹn, mà. Wọn kì í fi òmíràn ṣe é."

Ó tọ́ka sí búútà onírin kan tó jókòó lẹ́bàá ògiri, lórí òkúta pẹlẹbẹ tí bàbá máa ń jókòó sí ṣe àlùwàlá. Màdáámú lọ gbé e. Ó bu omi sí i, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ìyókù ẹ ti mọ̀ ọ́n.

---

Ó yọ pín-ìnì kan nínú irun rẹ̀, ó tì í bọ ọ̀fun búútà. Amọ̀ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wó jáde. Kò tíì wa á jìnnà tí nǹkan dúdú kan fi fò kọjá létí mi. Agbọ́n ni, èyí kékeré, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Ó gbé aláǹtakùn kan há ẹsẹ̀, ó ń fò yí ọwọ́ Màdáámú ká bí ẹni tó bá àjèjì nínú yàrá rẹ̀. Mo fi ìgboyà padà sẹ́yìn.

"Kò ní ta ọ́, Dúrótìmí. Ìwọ kọ́ ló ń wá."

"Ṣé ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ ni, mà?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ áńkáṣííbù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń kó ohun tó ń jáde lé e. Àwọn aláǹtakùn wẹ́wẹ́ ni, wọ́n ká ẹsẹ̀ wọn mọ́ àyà. Amọ̀ tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà aláǹtakùn mìíràn, ìdin funfun kan sì lẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn lára. Amọ̀ tún dé. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀fun ti wọ ikùn búútà, ohun tó bọ́ síta jẹ́ nǹkan gígùn kan tó ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọmọ agbọ́n ti wé ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń dúró de ìyẹ́.

Màdáámú ṣa igi ìgbálẹ̀ kan, ó fi kan aláǹtakùn kan. Mo ṣe bí ó ti kú ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gbọ̀n. Mo tún padà sẹ́yìn.

"Wọn kò kú," ni ó wí. "Agbọ́n yìí kì í gbé nínú agbo bí àwọn yòókù. Òun nìkan ní í dá ọdẹ rẹ̀ ṣe. Bó bá ta aláǹtakùn, kì í pa á. Yóò rọ ọ́ lápá, yóò rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, yóò gbé e sínú ihò, yóò yé ẹyin kan tì í, yóò sì fi amọ̀ dí i pa. Bí ọmọ bá jáde, ẹran tútù ni yóò bá. Ẹran tó bá kú á rà."

"Níbo lẹ ti mọ gbogbo èyí, mà?"

"Bàbá mi nà mí nítorí rẹ̀. Mo kéré nígbà náà, ní Ìlá. Wọ́n bá amọ̀ nínú ihò kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní èmi olóríkunkun ni mo fi dí i. Lẹ́yìn tí wọ́n nà mí tán ni mo lọ jókòó ti ilẹ̀kùn yẹn, mo ń wò ó, títí mo fi rí ẹni tó ń gbé amọ̀ bọ̀." Ó yíjú sí Hamzah. "Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ibi tí kì í kọ́lé sí. Kì í kọ́lé síbi tí nǹkan ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ẹni tó ń kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, tó sì ń fi búútà kan ṣoṣo ṣe àlùwàlá, omi rẹ̀ yóò ti gbá a jáde kó tó mọ yàrá àkọ́kọ́ tán. Hamzah, ó ti pẹ́ tí omi ti gba ibí yìí kọjá. Omi wo lo bù fún bàbá láàárọ̀ àná?"

Kò pẹ́ kó tó rí èsì. Mo gbà fún un níbẹ̀, orí rẹ̀ pé.

"Mo ti gbàgbé ni, mà. Ara wọn kò yá. Tàyámámù ni wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ mélòó kan. Ilẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ kàn dípò omi. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láàyè."

Ummu Kulthum bá wa wá, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí a ti dé. Ó dìde báyìí.

"Aláìsàn tí kò lè fọwọ́ kan omi ló wọ mọ́tò lọ sí Jos lọ kí aláìsàn?"

Hamzah fọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀.

"Bàbá mi kò sì lọ sí ìrìn àjò rí láìgbé búútà yìí dání," ni Ummu Kulthum ń bá a lọ. "Wọ́n gbé e lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n gbé e wá síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ mi ní Minna, a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní ìwọ náà ń kírun ni, Hamzah, ìwọ ì bá ti mọ̀ pé búútà ti dí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọkùnrin yìí ti ṣètò bẹ́ẹ̀dì, ó ti ṣètò àwo oúnjẹ, ohun kan ṣoṣo tí onílé ń lò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni kò fọwọ́ kàn wò. Mo kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ló ti ya odi.

---

Èmi ni mo dábàá pé kí a lọ sí àdúgbò Basin. Yàtọ̀ sí ilé bàbá, Hamzah tún ní yàrá kan tó háyà síbẹ̀, mo sì rò pé ibẹ̀ ni yóò gbé bàbá pa mọ́ sí. A sáré lọ. Eruku ló pàdé wa. Onílé ní ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí Hamzah ti sùn níbẹ̀ kẹ́yìn.

"Ṣàngó ló ń sùn," ni Màdáámú wí bí a ṣe ń padà. "Òun ló ń jí tan rédíò kí Bàbá Nathan lè gbọ́ ọ."

Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí bàbá wà. Mo ń wo ọwọ́ tó ń sọ bí epo ṣe kù sí, mo ń bú ara mi. Oòrùn ti ń rẹ̀ sílẹ̀. Hamzah jókòó lẹ́yìn mọ́tò, ó ń wo ìta bí ẹni tí wọ́n gbé lọ jẹ̀gbádùn. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ tó ń ṣú, ti òun ló ń ṣe.

Bàbá Nathan ti dúró dè wá lójú ọ̀nà, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ojú ń tì í.

"Mo ti ronú sí i, mà. Kò dára bí mo ṣe sọ ọ́. N ò rí Àlàájì. Ó ti pẹ́ tí n ò rí wọn. Ohun mìíràn tún wà. Ọkùnrin kan wá wo ilé yìí lọ́jọ́ kan, Hamzah ló mú un yí i ká. Mo gbọ́ tó ní òun kò ní ra ilé lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí bàbá wà láyé. Àfi kí Àlàájì fúnra wọn gbà níwájú òun, níṣojú ẹlẹ́rìí. Hamzah ní kó padà wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀."

"Jímọ̀ wo?"

"Ọ̀la ni, mà."

Ummu Kulthum jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí erùpẹ̀. "Ẹ sọ fún mi. Ṣé bàbá mi ti kú?"

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kì í mọ ohun tí à ń wí fún ọmọ tó bá béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màdáámú lóṣòó tì í.

"Wọn kò kú. Fetí sílẹ̀. Ó nílò wọn láàyè títí di ọ̀la. Bàbá tí orí rẹ̀ pé kò ní gbà kí wọ́n ta ilé òun. Bàbá tí wọ́n fún ní oògùn tó rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, bí wọ́n bá gbé e jókòó sórí àga, tí wọ́n bi í léèrè, orí rẹ̀ lè mì. Ìyẹn tó ẹni tó ń kánjú ra ilé. Ìwọ lo yọ sí i lójijì, ìdí nìyẹn tó fi hùmọ̀ ọ̀rọ̀ Jos." Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí bàbá lẹ́yìn ọ̀la. Kò sí ẹni tí kò yé nínú wa.

Ó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀. Lójijì ó dúró.

"Bí oògùn bá dá lójú wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ni bàbá rẹ yóò kọ́kọ́ béèrè?"

"Omi àlùwàlá," ni Ummu Kulthum wí, kò ronú rárá. "Kí wọ́n tó béèrè oúnjẹ. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á pariwo dé ìgboro."

"Búútà wọn wà níbí. Kí ni Hamzah fún wọn kí wọ́n má bàa pariwo?"

Mo rí i tí Hamzah gbé orí sókè nínú mọ́tò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n ó rí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀ gidi.

A bọ́ sí iwájú títì, níbi tí Talatu ti ń ta korobá àti búútà oníke. Obìnrin ẹlẹ́yà ni. Ó rántí Hamzah dáadáa.

"Ṣé kí n gbàgbé ni? Ọmọ tí kì í yà sí mọ́sálásí. Mo ní, 'Hamzah, Ọlọ́run ti mú ọ, o ti fẹ́ máa kírun!' Ó bínú sí mi, kò tilẹ̀ ná an. Ó fi kọ́ ọ̀kadà ará Òkè-Oyi kan, ó ní kó gbé e lọ sóko fún òun."

"Bàbá mi ní oko kan ní Òkè-Oyi," ni Ummu Kulthum wí. "A ti pa á tì látìgbà tí màmá mi ti kú."

Màdáámú wo mí. Mo wo epo.

"Ó lè gbé wa débẹ̀, mà. Bí a óò ṣe padà ni n ò mọ̀."

"Ta ló bi ọ́ ní ti àpadàbọ̀?" Ó nawọ́ búútà onírin náà sí Ummu Kulthum. "Fọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Gbé e dání."

---

Mi ò mọ bí mo ṣe wa mọ́tò náà. Gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo ń pa mọ́tò kí epo má bàa tán. Lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ Ummu Kulthum tó ń fi igi ìgbálẹ̀ họ ọ̀fun búútà, tó ń ṣe àdúà lábẹ́ ẹnu. Hamzah kò wo ìta mọ́.

Ahéré kan ló wà láàárín gbágùúdá tó ti di igbó. Obìnrin kan jáde sí wa, Asabe lórúkọ rẹ̀, igbá kókó, ògì gbígbóná, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí ọlọ́pàá, ó kúnlẹ̀.

"Hamzah ní orí bàbá òun ti dàrú ni. Ó kó oògùn fún mi kí n máa pò ó mọ́ kókó wọn láàárọ̀ àti ní alẹ́. Ó ní oògùn náà ni yóò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹ jọ̀ọ́, n ò ṣe wọ́n ní ibi kan."

Màdáámú gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún mi pé kí n tọ́jú rẹ̀. A wọlé.

Àlàájì Garba wà lórí ẹní. Ó ti gbẹ. Ó ká ẹsẹ̀ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, kò wo ibì kankan. Búútà oníke tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eruku ti bò ó. Asabe ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, omi ni ó ń béèrè ṣáá. Ó ní nígbà tó yá, kò béèrè mọ́.

Ummu Kulthum pè é. Ó tún pè é. Ó fọwọ́ kàn án léjìká, ọwọ́ bàbá sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀ bí ọwọ́ ohun tí kò lẹ́mìí. Mo ti ṣí fìlà mi. Mo ti rí aṣọ kan ní igun ilé, mo ti fẹ́ lọ mú un kí n fi bò ó.

"Fi í sílẹ̀, Dúrótìmí," ni Màdáámú wí. "Ummu Kulthum, bu omi sí búútà wọn."

Ọmọbìnrin náà bù ú. Ó fi apá kan gbé bàbá rẹ̀ jókòó, ó gbé orí rẹ̀ lé àyà ara rẹ̀, ó sì tẹ búútà náà síwájú.

Omi jáde. Ó tú sórí ọwọ́ bàbá, ó tutù, ó mọ́, ó ṣàn gba àárín ìka rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi ń dà. Mo gbọ́ tí Asabe ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń wo ọwọ́ náà.

Ìka kan gbọ̀n.

Lẹ́yìn náà ọwọ́ ọ̀tún rọra dìde, ó wá ọwọ́ òsì kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ojú bàbá kò tíì mọ ẹni kankan nínú wa. Kò mọ ibi tó wà, kò mọ ọmọ tó gbé e mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ́ ìró omi búútà rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fọ ọ̀kan, ó yí padà, ó fọ èkejì, ó tún padà.

"Ó kù lẹ́ẹ̀kan kó pé ẹ̀ẹ̀mẹta, Bàbá," ni Ummu Kulthum wí nínú ẹkún. Ó sì tún da omi náà.